Tábúlẹ́ẹ̀tì paracetamol wa ń ṣí lórí, ẹ̀rọ microwave vacuum sì ń ṣáná: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Apòògùn Ọ̀tà · Ọjọ́ Ajé, 8:02 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ilé iṣẹ́ oògùn kékeré kan ni mo wà ní Ọ̀tà. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń fi ọ́fìnnì onítíréè mú granule (ìyẹ̀fun oògùn tí a ti pò di kókó wẹ́wẹ́) gbẹ. A ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí tíréè, a ó fi ooru sí 60 °C, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì kí a tó kó o. Wákàtí 14 ni, nígbà mìíràn 16. Lóṣù tó kọjá ni ọ̀gá wa ra ẹ̀rọ àlòkù kan láti òkè òkun. Inú ìkòkò kan ṣoṣo la ti ń po ìyẹ̀fun, inú rẹ̀ náà la ti ń mú un gbẹ: microwave ń bọ̀ láti òkè, vacuum ń fa afẹ́fẹ́ jáde, omi gbígbóná ń yí ara ìkòkò ká. Magnetron rẹ̀, èyí tó ń pèsè ìgbì microwave, jẹ́ 10 kW, ní 2450 MHz.

Paracetamol 500 mg là ń ṣe. Ìyẹ̀fun gbígbẹ jẹ́ kílò 60, sítáàṣì àgbàdo wà nínú rẹ̀, sítáàṣì tí a sè la sì fi ń pò ó. Omi tó ń wọlé lápapọ̀ tó kílò 12. Ìṣẹ́jú 70 ló fi ń gbẹ, inú gbogbo wa dùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àmọ́ tí a bá gbé granule yìí dé ẹ̀rọ ìtẹ̀, orí tábúlẹ́ẹ̀tì á ṣí kúrò bí ọmọrí ìkòkò. Tí mo bá wọn omi tó kù nínú batch (àpòpọ̀ ẹ̀ẹ̀kan) kan náà, ibì kan á sọ 0.6%, ibòmíràn á sọ 3.4%. Tó bá wá ku bí ìṣẹ́jú márùn-ún kó parí, a ó máa gbọ́ ṣà! ṣà! nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ àlùkò á sì máa kọ mànà lójú fèrèsé. Lẹ́yìn náà la máa ń rí àmì pupa rúsúrúsú kéékèèké nínú granule, bí ìgbà tí gààrí bá jó nídìí agbada. Ọ́ìlì pọ́ǹpù tó ń fa vacuum náà ti funfun bí ògi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Máníjà ní kí n fa vacuum náà jìn sí i, ó ní ìyẹn ni yóò jẹ́ kó tètè gbẹ láìjóná. Ọkàn mi ò gbà á. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Oníwọ̀n · Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́

Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi, ẹ sọ bí ẹ ṣe ń mú àpẹẹrẹ tí ẹ ń wọ̀n. Ṣé ṣíbí kan láti òkè ìkòkò ni, àbí ẹ ń ti ọ̀pá bọ ìsàlẹ̀? Ṣé ẹ máa ń jẹ́ kó tutù nínú ike tó lómọrí? Granule gbígbóná tí a bá ṣí sílẹ̀ ń sọ omi nù bí ẹ ṣe ń wò ó, ọwọ́ òṣùwọ̀n náà kì í sì í dúró lójú kan. Mo ti dá batch tí kò ṣẹ̀ padà rí nítorí èyí.

Apòògùn Ọ̀tà · Ọjọ́ Ajé, 8:52 alẹ́

Màmá, ẹ ṣeun. Ọ̀pá ni mò ń lò, níbi mẹ́ta: òkè, àárín, ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀. Mo ń jẹ́ kó tutù nínú ike, kí n tó gbé e sórí òṣùwọ̀n halogen, èyí tó ń fi ooru mọ iye omi tó kù, ní 105 °C. Àárín ló máa ń gbẹ jù. Ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ ló máa ń rin.

Akin Fluid Bed · Ọjọ́ Ajé, 9:10 alẹ́

Tèmi kò ní gùn. Ohun tí kò yẹ yín ni wọ́n rà fún yín. Paracetamol kì í ṣe oògùn tí ooru ń tètè bà jẹ́, omi lásán lẹ fi ń pò ó, owó rẹ̀ lọ́jà kò sì pọ̀. Fluid bed ló yẹ ẹ: afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa gbé granule fò, ìṣẹ́jú 30 sí 45 ó ti gbẹ, ooru náà á sì kárí. Ẹ̀rọ bíi tiyín yìí wà fún oògùn tó lágbára débi pé ekuru rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan òṣìṣẹ́, tàbí èyí tí wọ́n fi ethanol pò. Ẹ gba ọ̀gá nímọ̀ràn kó tà á kí owó tó run sí i.

Ìjẹ̀bú ní Manchester · Ọjọ́ Ajé, 10:15 alẹ́

Arákùnrin Akin, òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín. Tó bá jẹ́ ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù paracetamol lọ́sẹ̀, fluid bed ni èmi náà máa mú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti wọlé, ẹni tó béèrè kọ́ ló sì rà á. Ọdún kẹfà mi rèé nídìí irú rẹ̀ níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Ọ́fìnnì ń mú afẹ́fẹ́ gbóná, afẹ́fẹ́ á mú ojú granule gbóná, ooru á wá máa fẹsẹ̀ rìn wọ inú. Ti microwave kò rí bẹ́ẹ̀. Omi gan-an ló ń wá kiri: ibi tí omi bá wà ni ooru ti ń ṣẹ̀. Iṣẹ́ vacuum ni pé kó jẹ́ kí omi hó láìgbóná púpọ̀. Mbar la fi ń wọn ìfúnpá inú ìkòkò: bó bá ṣe kéré tó ni vacuum ṣe jìn tó. Ní 200 mbar, omi ń hó ní 60 °C. Ní 100 mbar, ó di 46 °C. Ní 50 mbar, 33 °C.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Kílò omi kan ń gba nǹkan bíi 2,400 kJ kó tó di èéfín ní ìwọ̀n ooru yìí. Kílò 12 yín á gba 28,800 kJ, ìyẹn 8 kWh. Magnetron 10 kW á lo ìṣẹ́jú 48 láti fún un ní agbára yẹn, ká ní kò sí èyí tó ṣòfò rárá. Nítorí náà ìṣẹ́jú 70 yín kò burú. Ẹ sọ fún máníjà pé vacuum kò lè fún omi ní agbára tí magnetron kò ní.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé agbára kan náà lẹ ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni granule yín ti ń bàjẹ́. Ẹ máa wo nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n ooru granule fúnra rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà, ooru yẹn á dúró níbi tí omi ti ń hó. Bí omi bá ti ń tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Èkejì ni agbára tó ń dápadà sí magnetron. Tí kò bá sí omi tó máa gbà á mọ́, á máa padà wá, ọwọ́ mítà á sì máa lọ sókè. Bí ẹ bá ti rí méjèèjì, ẹ dín agbára magnetron kù: 10, 5, 2 kW, kí ẹ wá pa á, kí vacuum àti omi gbígbóná ara ìkòkò parí ìyókù.

Ní ti vacuum, 30 mbar là ń lò níbí, ó sì dára fún wa.

Ẹnjiníà Ṣọlá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Manchester, mo fọwọ́ sí gbogbo ìṣirò yín, àyàfi 30 mbar yẹn. Apòògùn, ẹ dákun, ẹ má ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ògi tó wà nínú pọ́ǹpù yín. Èéfín omi tó ń jáde gbọ́dọ̀ di omi padà nínú condenser (ibi tútù tí èéfín ń gbà kọjá) kó tó dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù. Ní 30 mbar, àfi kí condenser tutù ju 24 °C lọ kí èéfín tó lè di omi níbẹ̀. Níbo ni omi tó ń yí condenser yín po ti ń wá? Tó bá jẹ́ táńkì tó wà nínú òòrùn Ọ̀tà ni, á máa lọ sí 30 °C, omi 30 °C kò sì lè sọ èéfín tí ìfúnpá rẹ̀ kò tó 42 mbar di omi. Kí ló máa ṣẹlẹ̀? Gbogbo èéfín náà á gba condenser kọjá bí ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà tí kò ní ìlẹ̀kùn, á wọ inú pọ́ǹpù, á pò mọ́ ọ́ìlì. Ọ́ìlì funfun tí ẹ rí nìyẹn. Bí ẹ bá fa vacuum jìn ju báyìí lọ, pọ́ǹpù náà á kú.

Ó wá ku iná tó ń ṣá. Ẹ kíyè sí i pé ìparí ló máa ń ṣẹlẹ̀. Nígbà yẹn omi ti ń tán, kò sí ohun tó ń jẹ ìgbì náà mọ́, agbára rẹ̀ nínú ìkòkò á wá pọ̀ sí i. Nígbà kan náà, èéfín tó ń jáde ti dín kù, pọ́ǹpù sì ń fà á lọ, ìfúnpá á já wálẹ̀ láìsí ẹni tó sọ fún un. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ìgbì tó le, iná máa ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ìmọ́lẹ̀ àlùkò yín nìyẹn, òun ló sì ń jó sítáàṣì. Mítà yín ń ka mélòó nígbà tó ń ṣáná? Mo rò pé kò ní tó 20 mbar.

Ẹ fi fáàfù kékeré kan sí i tó máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ mímọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ìfúnpá lè dúró láàárín 70 sí 90 mbar títí dé òpin. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa pa magnetron fúnra rẹ̀ tí mítà bá já sí 50. Ẹ tún yẹ inú ìkòkò wò. Ṣé kò sí ìdè, ẹnu ìṣó tàbí wáyà tẹmómítà tó yọrí níhòòhò? Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó máa ń pe iná síra rẹ̀.

Apòògùn Ọ̀tà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀

Ẹnjiníà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé batch ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 95 mbar. Nígbà tó ń ṣáná, 15 ló kọ síbẹ̀. Omi táńkì ni lóòótọ́. Mo ti tẹmómítà bọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí: 29 °C, òòrùn ò tíì mú rárá. Agbára kan náà la sì ń lò dópin, ẹ̀gbọ́n Manchester, 10 kW gbáko.

Ìjẹ̀bú ní Manchester · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀

Mo gba àtúnṣe náà, ẹ ṣeun, Ẹnjiníà. Omi onígláíkọ́ọ̀lù ní 5 °C ló ń yí condenser wa po, mi ò rántí omi tiyín rárá. Apòògùn, ẹ fi 30 mbar mi sílẹ̀, ẹ mú ti Ẹnjiníà.

Ọmọ Òṣogbo · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:48 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sí nídìí iṣẹ́ yìí, ilé ìtajà oògùn ni mo wà. Ṣé ìtànṣán microwave yìí kì í ba oògùn náà jẹ́ tàbí kó kù sínú rẹ̀?

Olùkọ́ Ìdí-Àràbà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán

Ọmọ Òṣogbo, kò sí ohun tó ń kù sínú rẹ̀, bí kò ṣe kù sínú oúnjẹ. Ìgbì náà kò lágbára tó láti já oògùn sí wẹ́wẹ́ bí X-ray ti lè ṣe. Ooru ló ń dá sílẹ̀, ooru àṣejù ló sì ń ba oògùn jẹ́. Aspirin tí omi àti ooru bá jọ bá, ó ń yà di salicylic acid. Àwọn oògùn tó ní omi nínú kírísítálì wọn, bíi amoxicillin trihydrate, ẹ ní láti ṣọ́ wọn kí ẹ má lọ fa omi tí wọ́n fi ń jẹ́ ara wọn jáde. Paracetamol kò ní wàhálà yẹn.

Ó wá kan yín, Apòògùn. 0.6% yẹn ló yẹ kó bà yín lẹ́rù ju 3.4% lọ. Sítáàṣì àgbàdo tí a gbé kalẹ̀ lásán nínú yàrá ní omi bíi 12% nínú ara rẹ̀. Ká sọ pé ìdá mẹ́wàá granule yín jẹ́ sítáàṣì, omi tara sítáàṣì yẹn nìkan á fẹ́rẹ̀ẹ́ mú òṣùwọ̀n sọ 1.2%. Tó bá wá sọ 0.6%, ẹ ti fa omi tí a dá mọ́ sítáàṣì jáde nìyẹn, kì í ṣe èyí tí ẹ fi pò ó mọ́. Paracetamol fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí kì í fẹ́ kí a tẹ òun. Bí páǹṣì (irin tó ń tẹ ìyẹ̀fun nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀) bá ti gbéra, á fẹ́ nà padà bí rọ́bà. Sítáàṣì tó ní omi díẹ̀ lára ló ń dì í mú. Ẹ gba omi yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, orí á ṣí. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsàlẹ̀ ní 3.4% yóò sì máa lẹ̀ mọ́ páǹṣì. Àìsàn méjì nínú batch kan.

Mo fẹ́ ta ko Ẹnjiníà níbì kan. Kì í ṣe gbogbo àmì pupa yẹn ni iná ṣíṣá fà. Ẹ mú kókó tó tóbi bí ẹ̀wà, ẹ fi èékánná là á. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló pupa, tí inú funfun, iná ló jó o. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn funfun, tí inú rẹ̀ pupa, kókó yẹn ló ń se ara rẹ̀. Èéfín há sínú kò rí ọ̀nà jáde, ooru wá ń gorí ara wọn. Ẹ rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹyin tí a bá ti odidi rẹ̀ bọ microwave ilé. Ẹ fi ọ̀bẹ inú ìkòkò gé kókó kí ẹ tó tan microwave rárá. Bó bá sì ti ń gbẹ, ẹ máa fi abẹ̀ ìpò (irin tó ń po ìyẹ̀fun nínú ìkòkò) yí i fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, kí tìsàlẹ̀ lè bọ́ sókè.

Akin, ẹ máà tíì tà á fún wọn. Ọ́fìnnì onítíréè ní àbùkù tí ẹ̀rọ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ní: omi tó ń gòkè lọ gbẹ máa ń gbé àwọ̀ tàbí oògùn tó yọ́ nínú rẹ̀ lọ sójú tíréè. Ẹ ti rí tábúlẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ kò dọ́gba rí, àbí? Ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Akin Fluid Bed · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:04 ọ̀sán

Olùkọ́, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kì wọ́n nílọ̀ dáadáa lórí yíyí abẹ̀ yẹn. Tí wọ́n bá ń yí i láìdúró, á lọ granule padà di ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun tó pọ̀ jù náà sì ń ṣí tábúlẹ́ẹ̀tì lórí. Ẹ gbọ̀n ọ́n sórí asẹ́ kí ẹ tó yí i àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ rí iye tó di ekuru.

Olùkọ́ Ìdí-Àràbà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:11 ọ̀sán

Òótọ́ ni. Ìṣẹ́jú àáyá 10 tó, kó sì yí jẹ́jẹ́.

Oníná Agége · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:45 alẹ́

Kò sẹ́ni tó tíì béèrè nípa iná mànàmáná. Tí NEPA bá mú iná lọ ní ìṣẹ́jú 30, kí lẹ ń ṣe? Pọ́ǹpù dúró, abẹ̀ dúró, sítáàṣì lílọ́wọ́ọ́wọ́ á sì dì mọ́ abẹ̀. Bí iná bá dé, ẹ má tan microwave síwájú. Ẹ kọ́kọ́ yí abẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tú, ẹ fa vacuum padà dé ìwọ̀n rẹ̀, kí magnetron tó tẹ̀lé e. Tí iná kò bá dé, ẹ má jẹ́ kó sùn síbẹ̀: sítáàṣì tó rin tó sì lọ́wọ́ọ́wọ́ ni ibùgbé kòkòrò àti èébu. Èmi á kúkú jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ gbé batch náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ìbéèrè kejì: ṣé síwíìṣì ìdérí tó ń pa microwave tí a bá ṣí ìkòkò ṣì ń ṣiṣẹ́?

Apòògùn Ọ̀tà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:20 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Oníná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Síwíìṣì náà ń yọ wá lẹ́nu, ọmọ tó ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe wá fi wáyà dì í pa.

Oníná Agége · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:26 alẹ́

Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn lálẹ́ yìí. Ẹ má tan án lọ́la títí síwíìṣì náà á fi padà sípò. Magnetron 10 kW ju mẹ́wàá ti microwave ilé lọ. Ìgbì tó jáde láti inú rẹ̀ ń se ojú, kò sí ìró, kò sí òórùn tó máa kì yín nílọ̀. Ẹ yá mítà tí wọ́n fi ń wọn ìjò, ẹ gbé e yí gbogbo etí ìdérí àti fèrèsé ká. Ìwọ̀n tí òfin Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ fún microwave ilé tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kò ju 5 mW/cm² lọ, tí a bá dúró ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí i, ẹ fi ìyẹn ṣe ààlà. Kí ọmọ yẹn má sì fọwọ́ kan kàpásítọ̀ inú rẹ̀ torí pé a ti pa iná. Ó ń di iná sínú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti kú, ó sì lè pa ènìyàn.

Ìyá Oníwọ̀n · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:31 alẹ́

Ẹ gbọ́ tirẹ̀, ọmọ mi. Ọmọ ọlọ́mọ ló wà nídìí ẹ̀rọ yẹn.

Apòògùn Ọ̀tà · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ọjọ́ 11, 5:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará, mo ti dé. A pa ẹ̀rọ náà fún ọjọ́ mẹ́fà. A ra síwíìṣì tuntun, a yá mítà ìjò, ibi tó ga jù lọ kò tó 1 mW/cm².

Mo la ogún kókó látinú batch àtijọ́. Mẹ́rìndínlógún pupa lẹ́yìn, mẹ́rin pupa nínú nìkan. Ẹnjiníà àti Olùkọ́ jàre pọ̀.

A fi fáàfù sí i, ìfúnpá dúró ní 75 mbar. Mo wá rí ohun tí ẹ̀gbọ́n Manchester sọ lójú ara mi: ooru granule dúró ní 40 °C bí ẹni tí a kàn mọ́lẹ̀, títí dé ìṣẹ́jú 46, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, 41, 42, 44, mítà agbára tó ń dápadà náà sì gbéra. Mo dín in sí 5 kW. Ní 48 °C, mo dín in sí 2. Ní 52 °C, mo pa á, mo jẹ́ kí vacuum àti omi gbígbóná ṣe ìṣẹ́jú 20 sí i. Ìṣẹ́jú 84 ni gbogbo rẹ̀. Kò ṣáná lẹ́ẹ̀kan. Òkè 1.9%, àárín 1.8%, ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ 2.3%. Mo dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀ fún wákàtí méjì, tábúlẹ́ẹ̀tì kan kò ṣí. Máníjà ní ìṣẹ́jú 84 ti pẹ́ jù. Mo gbé ike tábúlẹ́ẹ̀tì tó ṣí lórí lóṣù tó kọjá wá síwájú rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọ́ìlì pọ́ǹpù ṣì mọ́ lẹ́yìn batch mẹ́rin.

Ìyá Oníwọ̀n · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ọpẹ́ ni fún Olúwa. Ẹ má tíì kó o lọ sọ́jà o. Láti ọ́fìnnì sí microwave vacuum, ọ̀nà ìṣe ti yí padà nìyẹn. Ẹ ṣe batch mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn pẹ̀lú ìgbésẹ̀ kan náà, ẹ wo yíyọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì nínú omi, líle rẹ̀ àti iye paracetamol inú rẹ̀, ẹ kọ ìfúnpá, ooru àti agbára sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Bí àwọn NAFDAC bá wọlé, ìwé yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹ sì tọ́jú àpẹẹrẹ batch kọ̀ọ̀kan pamọ́.

Akin Fluid Bed · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi fún batch ńlá, ṣùgbọ́n èyí dára. Ekuru ńkọ́? Ẹ gbọ̀n ọ́n?

Apòògùn Ọ̀tà · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:58 ìrọ̀lẹ́

Mo gbọ̀n ọ́n. Kí a tó ṣàtúnṣe, èyí tó ń kọjá asẹ́ tó kéré jù lọ jẹ́ ìdá mẹ́rin batch. Báyìí kò pé ìdá mẹ́wàá. Batch kejì nínú mẹ́ta tí Màmá sọ ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, jẹnẹrétọ̀ ni a ó sì fi gbé e.